Kílò Kan Náà, Ara Ò Rí Bákan Náà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Aláìsàn Kíndìnrín Kan ní Àkúrẹ́

Màmá yìí ti lé dáadáa ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ba kíndìnrín wọn jẹ́, tó fi wá di pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dialysis. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sanwó rẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni agbára àwọn ọmọ wọn sì ká. Wọ́n gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, nítorí kí àwọn nọ́ọ̀sì bíi tèmi, tó ń bá aláìsàn fọ ẹ̀jẹ̀, lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo yọ ohun tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ kúrò.

BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kì í wálẹ̀. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n ń lò fún un, síbẹ̀ 180/105 ni a sábà máa ń bá a, kí a tó fọ ẹ̀jẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán. Lálẹ́, wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Orí àga ni wọ́n ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹsẹ̀ wọn kò sì wú. Èyí gan-an ló ṣì wá lọ́nà, nítorí ẹsẹ̀ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ lára aláìsàn. Bí ìka kò bá rì, a máa ń gbà pé omi ò sí. Bẹ́ẹ̀, omi àpọ̀jù lè tó lítà méjì tàbí mẹ́ta lára àgbàlagbà kí ẹsẹ̀ tó sọ ọ́.

Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní iye kílò kan tí a gbà pé ibẹ̀ ni ara rẹ̀ yẹ kó wà tí omi àpọ̀jù bá ti kúrò. Dry weight là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Màá pè é ní ìwọ̀n gbígbẹ níhìn-ín. Ti Màmá jẹ́ kílò 64. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ síwájú fáìlì wọn, ó sì ti wà níbẹ̀ látìgbà náà. Tí wọ́n bá dé pẹ̀lú kílò 66, a ó fi ẹ̀rọ fa omi lítà méjì, wọn á padà sí 64, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tọ́.

Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kún oògùn. Nígbà tí ikọ́ dé, wọ́n ya fọ́tò àyà wọn, funfun tó hàn níbẹ̀ sì jọ ti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ni wọ́n bá fún wọn ní oògùn apakòkòrò. Wọ́n lò ó tán. Ikọ́ ò lọ, àga náà ni wọ́n ṣì ń sùn lé.

Ọmọ wọn obìnrin ló ṣí ọ̀rọ̀ náà. Aránṣọ ni. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, ó wá ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Kílò 64 tí ẹ̀ ń kọ yìí, ṣé ti màmá mi ni? Èmi ni mo rán bùbá tí wọ́n wọ̀ yìí fún wọn lọ́dún Àjíǹde. Ẹ wo apá ẹ̀.” Ó fi ìka méjì mú aṣọ apá ìyá rẹ̀, ó fà á: aṣọ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn apá pọ̀ gan-an. Èjìká bùbá ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ ibi tí egungun èjìká wà. “Látìgbà tí ibà yẹn ti dá wọn dùbúlẹ̀ nígbà òjò ni wọn ò ti jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n ti rù. Báwo ni òṣùwọ̀n ò ṣe rí i?”

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, mo sì gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Òṣùwọ̀n ò mọ ẹran yàtọ̀ sí omi. Bí ẹran ara kílò mẹ́rin bá lọ, tí omi kílò mẹ́rin sì dípò rẹ̀, 64 náà ni yóò máa kà. Màmá ń rù, wọ́n sì ń kún fún omi lẹ́ẹ̀kan náà, èkínní ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé omi ara díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn èyí fìdí mọ́. Nínú ìwọ̀n ara ọkùnrin àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ omi. Ti obìnrin máa ń sún mọ́ 50, nítorí ọ̀rá pọ̀ lára obìnrin jù, omi kì í sì í pọ̀ nínú ọ̀rá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta omi yìí wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ìdá kan tó kù wà níta wọn, nínú ẹ̀jẹ̀ àti láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Tí kíndìnrín bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, omi ìta yìí ló ń wú sí i. Tí èèyàn bá ń rù, omi inú ló ń dín. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe Màmá gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí yóò fi wo omi méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láì gún wọn lábẹ́rẹ́ kún èyí tí wọ́n ti ń gún wọn.

Wíwọn omi ara kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti ọdún 1934 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì George de Hevesy àti Hofer ti fi deuterium, irú háídírójìn tó wúwo tó wà nínú omi wúwo, ṣírò iye omi tó wà lára èèyàn, títí di òní sì ni irú ọ̀nà yẹn jẹ́ òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ àwọn ọ̀nà yòókù wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni. Èyí tó ṣeé ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ni bioimpedance. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ ní ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì yá wa.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni pé ó ń rán iná kékeré tí ara kì í gbọ́ rárá gba ọwọ́ dé ẹsẹ̀, ó sì ń wo bí ara ṣe dènà iná náà tó. Omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ ń gbé iná. Ọ̀rá kì í gbé e dáadáa. Ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Iná tó bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bíi ti 5 kilohertz, kò lè la awọ yẹn kọjá, ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì ló ń gbà kọjá, nítorí náà omi ìta nìkan ló ń ròyìn. Bí ìyípadà náà bá yára gan-an, títí dé 1000 kilohertz, iná á la awọ náà kọjá, á sì ròyìn omi inú àti ti ìta pọ̀. Láàárín ìròyìn méjèèjì ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò èyí tó jẹ́ ti inú àti èyí tó jẹ́ ti ìta.

Èsì tó kọ́kọ́ jáde kò wúlò. Ọyẹ́ ń mú nígbà náà, Màmá sì ti fi òrí pa gbogbo ara kí wọ́n tó kúrò nílé, bó ṣe yẹ kí ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ ṣe. Àlẹ̀mọ́ tí iná ń gbà kọjá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí òrí. Mo tẹ ti ọrùn ọwọ́ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó yẹ kó tẹ̀ kọrọdọ lójú ẹ̀rọ wá ń fò sókè sódò. Bákan náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn wọlé ni, omi ara ò sì tíì rọlẹ̀. A ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, a fi ìrọ̀rí gbé àyà wọn sókè díẹ̀ nítorí èémí, a fi spirit nu ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn títí owú fi ń jáde ní mímọ́, a ya apá wọn kúrò lára ìhà àti itan kan kúrò lára èkejì, a sì fún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà yìí ni ìlà náà dúró dáadáa. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń lo irú ẹ̀rọ yìí láì fún aláìsàn ní ìsinmi kankan. Nọ́ńbà á jáde, kò sí ẹ̀rọ tí kì í mú nọ́ńbà jáde, ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ nínú rẹ̀.

Èsì ní omi àpọ̀jù lára Màmá lé díẹ̀ ní lítà mẹ́rin. Tí a bá fi wé gbogbo omi ìta sẹ́ẹ̀lì wọn, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009 lórí àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé àwọn tí àpọ̀jù wọn bá kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún omi ìta ni ikú ń tètè pa jù. Ti Màmá ti kọjá ibẹ̀ lọ jìnnà.

Dókítà àgbà kò gbà á lójú ẹsẹ̀, mo sì fẹ́ràn bí kò ṣe gbà á. Ó ní iná tó gba ọwọ́ dé ẹsẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ló ń ròyìn jù. Àyà àti ikùn tóbi, ọ̀nà tí iná ń gbà níbẹ̀ fẹ̀, nítorí náà ìdènà tí iná ń bá pàdé níbẹ̀ kéré gan-an. Omi lè wà nínú ikùn tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ̀rọ náà má fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìyà èémí ni Màmá sì ń jẹ. Ó ní kí a wo ẹ̀dọ̀fóró gan-an.

Ẹ̀rọ skáànì tí wọ́n fi ń wo àwọn aláboyún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì la fi wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kan náà lè rí omi inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ohùn tí skáànì ń rán wọ inú ara kọjá. Nínú ẹ̀dọ̀fóró tó gbẹ, ojú ẹ̀rọ á kàn máa ṣàfihàn àwọn ìlà tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Tí omi bá ti wọ àárín àwọn àpò afẹ́fẹ́, ìlà funfun á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ti kan ẹ̀gbẹ́ ìhà, á sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, á sì máa lọ, á máa bọ̀ bí aláìsàn ṣe ń mí. B-line ni wọ́n ń pè é. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín egungun ìhà méjì ti kọjá ààlà. Lára Màmá, ìhà ọ̀tún àti tòsì ni wọ́n wà, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń so mọ́ ara wọn. Ọmọ wọn wà níbẹ̀. Dókítà fi ìka hàn án lójú ẹ̀rọ, ó ní, “Omi nìyẹn, ìyá mi. Ìdí tí wọn kì í fi í lè sùn nìyẹn.”

Bí Màmá ṣe gbọ́ lítà mẹ́rin, wọ́n ní kí a fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí àwọn lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi bàjẹ́ láti sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí ìwádìí ti fi yé wa láti bí ọdún 2011 ni pé fífa omi kọjá mílílítà 13 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan ń pa ọkàn lára. Fún ẹni kílò 64, ìyẹn ò ju nǹkan bí lítà mẹ́ta lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ lítà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé wá láti ilé tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ wa pinnu pé a ó lọ sí etí ààlà náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó kù bíi wákàtí kan, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra. Ẹ ṣọ́ aláìsàn tó bá ń yán lórí ẹ̀rọ, oorun kọ́. Kí a tó wọn BP, ó ti já sí 90/50, pajápajá sì ti mú wọn ní ẹsẹ̀ méjèèjì débi pé wọ́n ké. A dá fífà dúró, a gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, a dá omi iyọ̀ díẹ̀ padà sára wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti àpò gàrí tí wọ́n gbé òkúta lé: òkúta lè wúwo bó ṣe fẹ́, omi àárín àpò á lo àkókò rẹ̀ kó tó jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ wa ti lè fa omi. Èyí tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fà á yára jù bó ṣe ń rìn lọ, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, BP á já, nígbà tí lítà mẹ́rin ṣì jókòó sínú ẹran ara. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń rí irú èyí tí wọ́n á sì kọ ọ́ sí fáìlì pé aláìsàn ti gbẹ, kí wọ́n má fa omi rẹ̀ mọ́. Bí kì í bá ṣe pé a ti rí omi náà pẹ̀lú ojú wa lórí skáànì, ohun tí àwa náà ì bá kọ nìyẹn.

A wá yí ọwọ́ padà. A fi ààbọ̀ wákàtí kún àkókò tí wọ́n ń lò lórí ẹ̀rọ, a sì ń sọ ìwọ̀n gbígbẹ náà kalẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kílò, nígbà mìíràn ìdajì, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wá.

Láàárín èyí ni a jókòó ti ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Gbogbo ènìyàn ti ń bá Màmá jà lórí omi mímu. Wọ́n gbà, wọ́n ń fi ara wọn sínú ìyà: omi yìnyín ni wọ́n ń lá, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ni wọ́n ń pín mu láti òwúrọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ òǹgbẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta wọ́n á tún gbé lítà méjì dé. Ọmọ wọn la bi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Torí pé Màmá ò ní ìtọ́wò mọ́ lẹ́yìn ibà, ó ti ń fi magí àti iyọ̀ kún un kí wọ́n lè rí i jẹ, irú tó ń rà lọ́jà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò mọ́ iyọ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Iyọ̀ gíráàmù mẹ́jọ péré á di lítà omi kan mú sára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, torí ara ò ní gbà kí ẹ̀jẹ̀ níyọ̀ jù, òǹgbẹ á gbẹ ẹni náà títí yóò fi mu ún. Kí a máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má mu omi, láì fọwọ́ kan iyọ̀, ìyà lásán là ń fi jẹ ẹ́. Ọmọ náà yọ magí, ó wá irú tí kò níyọ̀, ó ń fi ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀fìnrín díẹ̀ gbé ọbẹ̀ ró. Kò pẹ́ tí ohun tí Màmá ń gbé wá fi dín sí nǹkan bíi lítà kan àti díẹ̀, wọn ò sì sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n mọ́.

Ibi tó le jù lẹ́yìn náà ni dídúró de BP kó wálẹ̀. Ìwọ̀n ti wálẹ̀ dé 61, èémí ti ń dẹ̀, ṣùgbọ́n BP ṣì ń ka 170. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wọn ní kí a padà síbi tí a wà tẹ́lẹ̀, kí a fi oògùn karùn-ún kún un. Mi ò dá a lẹ́bi, òun ló ń sanwó. Dókítà ní kí a mú sùúrù. Àwọn oníṣègùn tó wà ní Tassin, nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ pẹ̀lú oúnjẹ tí kò níyọ̀ púpọ̀, ti fi han ayé tipẹ́ pé BP kì í bá omi wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Omi á kọ́kọ́ lọ. BP á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti le tipẹ́ kì í dẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Òyì ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé BP ti wálẹ̀. Màmá dìde nílé ìwẹ̀, ojú wọn ṣókùnkùn, wọ́n di ògiri mú. BP ti wá sí 110. Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oògùn wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìwọ̀n wọn dúró ní 59.5. Nígbà tí a tún fi skáànì wò wọ́n, ìlà funfun díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì.

Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èémí dẹ̀, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wù wọ́n, wọ́n ń jẹ ẹyin, wọ́n ń jẹ iyán. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, pajápajá padà dé. Lẹ́yìn ìfọ̀jẹ̀, ohùn wọn á há, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ á ní kí wọ́n mọ́kàn le. Bioimpedance ní omi ìta wọn ti kéré sí bó ṣe yẹ, omi inú sẹ́ẹ̀lì sì ti pọ̀ sí i: ẹran ara ti padà. Skáànì ò rí ìlà kankan. A gbé ìwọ̀n gbígbẹ wọn sókè sí 61, pajápajá sì lọ. 61 tó jẹ́ àpọ̀jù nígbà ọyẹ́ ti di ìwọ̀n tó tọ́ nígbà òjò.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé skáànì tàbí bioimpedance nìkan ló ń gba ẹ̀mí là. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní LUST, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, fi skáànì ẹ̀dọ̀fóró darí ìtọ́jú àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn wọn sì ń ṣàìsàn. Omi ẹ̀dọ̀fóró wọn dín, ṣùgbọ́n tí a bá ka ikú àti àwọn ìjàǹbá ọkàn tí wọ́n ń ṣọ́ pọ̀, ìyàtọ̀ tó dájú ò sí láàárín wọn àti àwọn yòókù. Fún ẹni tí gbogbo àmì rẹ̀ bára mu, àtẹ̀wò ọwọ́ àti òṣùwọ̀n lè tó. Irú Màmá ló nílò rẹ̀, ẹni tí òṣùwọ̀n ń sọ nǹkan kan, tí ara ń sọ òmíràn.

Níbi iṣẹ́ wa báyìí, a kì í kọ ìwọ̀n gbígbẹ láì kọ ọjọ́ tí a fi lélẹ̀ sí i. Ẹni tí ibà bá dá dúbúlẹ̀, ẹni tó bá gbààwẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tí kò jẹun, a ó yẹ tirẹ̀ wò lọ́tun. A ti ra téèpù aránṣọ, a fi ń wọn apá lóṣooṣù. Bí apá bá ń tínrín tí kílò ò yí padà, a ó gbé aláìsàn náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì fún skáànì, yálà a rí ẹ̀rọ bioimpedance yá tàbí a ò rí i. Ẹni tí wọ́n bá fi irin ìtají tó ń mú ọkàn lù déédéé (pacemaker) sí lọ́kàn, a kì í fi bioimpedance kàn án. Bí B-line bá sì wà ní ìhà kan ṣoṣo, tí ara aláìsàn gbóná, kì í ṣe omi la ó kọ́kọ́ máa lé. Kòkòrò ẹ̀dọ̀fóró náà lè ya irú ìlà yẹn, dókítà la sì gbọ́dọ̀ pè kí a tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn.